Èèkù

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ ni mo ń gé, ẹ gbà mí gbọ́,
kì í ṣe egungun, kì í ṣe ẹja inú yìnyín.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọmọ ọwọ́ lè fi èrìgì tẹ̀ pa.
Ọ̀bẹ náà ní kán, ó ti di méjì,
bí ẹni tó ti ń wá àyè àtilọ láti ọjọ́ pípẹ́.
Ojú rẹ̀ fò wọ abẹ́ sítóòfù.
Èèkù kù sí mi lọ́wọ́
bí ọ̀rọ̀ tí a ò sọ tán.

Wọ́n ní ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣìíríṣìí ọ̀bẹ.
Lọ́jọ́ ikú ọ̀bẹ mi, oríṣìíríṣìí ènìyàn ni mo rí:
Ìyá Ṣèyífúnmi ní ayé ló ń ṣe mí,
ọmọ rẹ̀ ní kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́,
Alàgbà Oyèníran yọjú lójú fèrèsé,
"Tísà, ṣé ẹ̀yin náà ti ń dáná?"
Mo ti ń dáná láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Ọ̀bẹ ló kọ́kọ́ mọ̀.

Nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, lábẹ́ òwú àti káàdì ìdìbò,
mo rí ìwé gárántì, ó ṣì ń dán.
Ó ká a ní ìlọ́po mẹ́rin, bó ṣe máa ń ká ohun gbogbo.
Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ síbẹ̀.
Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ṣírò rẹ̀:
ó ku ọdún mẹ́fà àti oṣù díẹ̀.

Mo fi ìwé ìròyìn wé ọ̀bẹ, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọjà Jagun.
Ọlọ́kadà bèèrè ohun tí mo gbé mọ́ àyà.
"Ọ̀bẹ ni."
Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi débẹ̀,
kò sì jà sówó.

Lásúpọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé awò sójú.
"Kí lẹ fi gé?"
"Ọ̀gẹ̀dẹ̀."
"Dúdú àbí pípọ́n?"
"Pípọ́n."
"Bàbá!"
"Ó pọ́n jù, Lásúpọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi."
Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo àjà.

Ìwé ni kò ṣe é bá jiyàn. Ó mú fọ́ọ̀mù jáde:
orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ tó dá.
Ó wá tẹ ìka mọ́ ìlà kan nísàlẹ̀.
"Ẹni tó rà á ni kó fọwọ́ síbí.
Wọ́n kọ ọ́: Ìyáàfin Àbẹ̀jẹ́ Oyèbọ̀dé.
Ṣé Màmá lè yà bó bá dọ̀la?"

Mo la ẹnu kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.
Ohun tó jáde ni, "Ó rìnrìn àjò."

"Kò burú. Ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀ ná,
ojú àti èèkù, Ìbàdàn ń gba méjèèjì
kí wọ́n tó fi tuntun ránṣẹ́."
Ó na ọwọ́.

Èèkù yẹn, pákó ni. Ó ti jẹ níbì kan,
níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń sùn sí
bó bá ń rẹ́ ilá wínníwínní,
ihò kékeré tí kò gba àtàǹpàkò mi.
Mo ti dán an wò.

"Ẹ gba ojú," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí èèkù kù."
"Bàbá, òfin ni. Méjèèjì, àbí kò sí."
Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ọmọ dáadáa ni.

Àwọn àgbà ní ẹni tí kò tíì mú èèkù idà
kì í bèèrè irú ikú tó pa baba òun.
Mo mú èèkù. Ó wà lápò mi, ó ń gbá mi nítan
bí mo ṣe ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ní Sábó.
N ò rí ẹni tí mo lè bi.

Ìyá Ṣèyífúnmi yá mi ní ọ̀bẹ tirẹ̀, eléèkù rọ́bà pupa,
ó ní kí n dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú,
kí n má sì fi ṣí agolo.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù ti dúdú lára. Mo gé e.
Ó rọ̀. Ó rọ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí.
Ì bá dáa kí Lásúpọ̀ wà níbẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí i.